Iṣẹ́ Bàbá Bọ́lá Ni Mo Fi Gba Àmì Ẹ̀yẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọkọ mi kò mọ̀, pásítọ̀ wa kò mọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, Ìgbó-Ọrà ni mo ń gbé. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá sọ fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sípò ohun tó ń sọ ènìyàn di aṣáájú rere lórí ilé ìwé ìjọba. N kò tíì fèsì lẹ́tà náà títí di òní.

Èmi ni ọ̀gá àgbà lórí gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìbàràpá nígbà náà. Nígbà tí mo jẹ́ tíṣà, mo fẹ́ràn ọmọ. N kò parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dórí àga, ohun tí àwọn ọ̀gá wa ní Ìbàdàn máa sọ nípa mi ni mo ń rò.

Ọ̀gá ilé ìwé kan wà lábẹ́ mi, ní abúlé kan lẹ́bàá Tápà. Bàbá Bọ́lá là ń pè é. Tí ìkórè bá dé, àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í wá sílé ìwé. Bàbá yìí á gun kẹ̀kẹ́ lọ bá àwọn òbí wọn lóko, á bá wọn bó ẹ̀gẹ́, á sì máa bẹ̀ wọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta rẹ̀ fi ń kàwé já gaara ju ti ìgboro lọ.

Mo bi í ohun tó ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, bàbá mi ò mọ̀wé. Ẹnì kan gbé ìwé wá, ó ní ìwé tí wọ́n fi ń gba ajílẹ̀ ìjọba ni. Bàbá mi tẹ̀ka sí i. Wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn ni àwọn ń tà."

Nígbà tó yá, àwọn àlejò kan láti Ìbàdàn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa, kí wọ́n lè fún ẹni tó ṣe dáadáa jù ní àmì ẹ̀yẹ. Mo pàṣẹ pé kí gbogbo ọ̀gá ilé ìwé kọ ọ́ sí rẹ́jísítà pé kò sí ọmọ tó pa ilé ìwé jẹ. Gbogbo wọn gbà. Bàbá Bọ́lá nìkan ló wá sí ọ́fíìsì mi.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Tí mo bá kọ ọ́ pé gbogbo ọmọ ló wá, ta ló tún máa wá wọn lọ sóko?"

Àwọn akọ̀wé mi ń gbọ́. Ojú tì mí, ìbínú sì gbé mi wọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gbé e lọ sí ìpẹ̀kun agbègbè wa, níbi tí mọ́tò kì í dé. Ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ní àṣẹ òkè ni, pé mo ti bẹ̀ wọ́n títí.

Ilé ìwé tí mo lé e kúrò ni mo mú àwọn àlejò lọ. Àwọn ọmọ kàwé fún wọn. Wọ́n bi mí pé kí ló ń mú mi ṣiṣẹ́ tó báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ìtàn ilẹ̀ yẹn ni mo sọ, mo ní bàbá tèmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Tíṣà ni bàbá mi! Wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì gba àmì ẹ̀yẹ.

Òjò ọdún yẹn kò tíì dá nígbà tí ọ̀kadà tó gbé Bàbá Bọ́lá lọ síbi iṣẹ́ yọ̀ lórí afárá. Kò dé ọsibítù kó tó kú. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ ìdágbére níbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tó ń kọ́ tẹ́lẹ̀ padà sóko, kò sẹ́ni tó lọ bẹ̀ wọ́n.

Bọ́lá náà ti di tíṣà báyìí. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Sunday. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ mọ dádì mi níbi iṣẹ́. Ta ló gbé wọn lọ síbi tí wọ́n kú sí?"

Mo tún ní, "Àṣẹ òkè ni, ọmọ mi."

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo gbìyànjú fún bàbá òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún ọmọ yìí, àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá ìyá rẹ̀? Ìyá yẹn ṣì máa ń dárúkọ mi nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà á sì ṣe àmín.