Lẹ́tà Tí Wọ́n Ń Bá Wa Kọ

Láàárọ̀ yìí, mínísítà fọwọ́ sí lẹ́tà tí a fi tọrọ ẹ̀yáwó tuntun, lẹ́tà náà sì ti lọ. Alága wa, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìṣúná, ẹ̀yin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin ará ilé mi, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, irú lẹ́tà yẹn ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹ̀ níbí, kí n tó fẹ̀yìn tì lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí fún ẹni tí kò mọ̀. Àwọn tó ń yá wa lówó ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́ láti òkè òkun. Èmi á tún un tẹ̀ sórí ìwé tó ní àmì ìjọba wa, mínísítà á fọwọ́ sí i, a ó sì dá a padà fún wọn bí ẹni pé àwa la kọ ọ́. Ìyá Kọ́mà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yẹ iṣẹ́ mi wò, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Kò sí àṣìṣe tó lè bọ́ lọ́wọ́ yín, kọ́mà kan pàápàá. Ẹ̀yin náà lẹ sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, wọ́n ti bá wa ronú tán, ó ku kí wọ́n bá wa jẹun." A rẹ́rìn-ín. Kí ló pa wá lẹ́rìn-ín?

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo tẹ ìpínrọ̀ kọkànlá nínú irú lẹ́tà yìí: "A ti pinnu fúnra wa pé a ò ní gba nọ́ọ̀sì kankan mọ́." Lọ́dún kejì, ìyàwó àbúrò mi lọ bímọ nílé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà fún ogójì ibùsùn. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìjọba, ta ló pinnu irú èyí?" Mo ní n kò mọ̀. Àbúrò mi, ìwọ tó o jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, mo mọ̀. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Dárí jì mí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́tà tuntun tó lọ láàárọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ mi. Ìpínrọ̀ yẹn tún wà níbẹ̀, fún ọdún mẹ́ta sí i. Mo yọ ọ́. Mo tún nọ́ńbà tò kí àlàfo má bàa hàn. Ọ̀gá àgbà, ẹ má wo Ìyá Kọ́mà. Lẹ́yìn tó yẹ̀ ẹ́ wò tán ni mo yọ ọ́. Bí wọ́n bá gbà á bẹ́ẹ̀, a lè gba nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá rí i, wọn ò ní yá wa ní kọ́bọ̀, èmi ni kí ẹ sì mú. Mo lè dákẹ́ o, ṣùgbọ́n mo ti dákẹ́ rí.

Kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má ṣe pa ará ilé yín. Kí ẹ fi ọkàn tó fúyẹ́ ju tèmi lọ kúrò níbí. Gbogbo yín pátá, mo dúpẹ́ o.

Àwọn tó ń yá wa lówó ní àwọn á fèsì kí aago mẹ́rin tó lù lónìí. Aago mẹ́rin ti kọjá. Èsì ò tíì dé.