Ẹ̀kọ́ Láti Ilé: Bí Olúwa Ṣe Mú Ọkàn Mi Dúró Sójú Kan

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹ ké e kó dé òpópónà! Halelúyà! Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ èmi fúnra mi, ẹ bá mi gbé E ga!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Tẹniọlá, àdúgbò Ladi-Lak ni mò ń gbé, mo sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé Alhaja kan ní Bajulaiye, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Tí ìwé bá ti jáde lára ẹ̀rọ, a máa to ojú ewé yí tábìlì ńlá kan ká, àwa obìnrin mẹ́rin á máa rìn yípo, a ó máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi di odidi ìwé. Orin la fi ń rìn ín. Tí orin bá yá, ẹsẹ̀ á yá.

Mo ṣe sẹ́kọ́ńdírì tán, èsì mi sì dára. Mo ráyè wọ yunifásítì nígbà kan, oyún dé, mo já a sílẹ̀. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an! Nígbà tí Tẹniọlá wá pé ọmọ ọdún méjì, yunifásítì mìíràn gbà mí láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ ṣeun, Jésù! Ẹ̀kọ́ láti ilé ni. Orí fóònù lèèyàn á ti máa gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, á kàn máa lọ ṣe ìdánwò ní ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù tí mi ò bá wá fọwọ́ síwèé, àwọn á fi àyè mi fún ẹlòmíì.

Ẹ̀yin ará, kàkà kí inú mi dùn, ṣe ni ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣé irú ẹ̀kọ́ yìí bá mi mu? Èmi tó jẹ́ pé tíṣà gbọ́dọ̀ dúró tì mí kí n tó kọ nǹkan! Tí mo bá tún já èyí sílẹ̀, ojú wo ni màá fi bẹ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kẹta? Mo jókòó, mo dìde. Mo gbálẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo wá ní kí Ọlọ́run fún mi ní àmì. Àṣìṣe mi rèé o! Gbogbo nǹkan di àmì. Tí wọ́n bá mú iná wá, mo ní Bàbá ní kí n lọ. Tí wọ́n bá mú un lọ, mo ní Ó ti yí ọkàn padà. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi, àmì. Tẹniọlá sín, àmì!

Ọkọ mi ní, "Ìyá Tẹni, jọ̀ọ́, ṣé Ọlọ́run àtàwọn oníná ló jọ ń ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ ẹ ni?"

Mo ní, "Má fi nǹkan Ọlọ́run ṣeré."

Ó ní, "Èmi kọ́ ni mò ń fi ṣeré o."

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, mo lọ sí ọ́fíìsì yunifásítì náà. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ bi mí pé, "Mà, ọjọ́ wo lẹ ó máa kàwé?"

Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe é."

Ó ní, "Àmín. Ọjọ́ wo?"

Mo ní, "Ìgbàkígbà tí mo bá ti ráyè."

Ó ní, "Mà, ẹ má bínú. Àwọn tó máa ń sọ bẹ́ẹ̀, a kì í rí wọn lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ kọ́kọ́ dán ara yín wò." Ló bá fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Inú bí mi. Mo ní màá fi hàn án. Ọjọ́ Ajé kọjá, Ìṣẹ́gun kọjá, mi ò ṣí i. Ìgbà tó di Ọjọ́bọ̀ ni mo rántí, ẹ̀rù bà mí, mo ki íápíìsì bọ etí lẹ́nu iṣẹ́ kí n lè gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bajulaiye, ẹ mọ ohun tí Ọjọ́bọ̀ jẹ́! Gbogbo ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n máa lò ní Ẹtì, ọjọ́ yẹn la máa ń parí ẹ̀. Èmi ni mo to ojú ewé sórí tábìlì. Àwọn yòókù ń kọrin, èmi ń gbọ́ tíṣà. A ti ṣà á jìnnà kí Alhaja tó ṣí ẹyọ kan wò.

Ó pariwo, "Ìyá Tẹni! O ti sin bàbá yìí lójú ewé kẹta, o wá ń kí àlejò káàbọ̀ lójú ewé kẹjọ! Ṣé òkú ló fẹ́ gbàlejò ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi bú sẹ́kún. A tú gbogbo ẹ̀, a tún un ṣà.

Nígbà tá a ṣe tán, mo ní, "Alhaja, Ọlọ́run ti dáhùn. Ẹ̀kọ́ yìí ò bá mi mu. Mi ò lọ mọ́."

Alhaja ní, "Subhanallah! Ìwọ lo to ìwé rúdurùdu, Ọlọ́run lo wá fẹ́ di ẹ̀bi rẹ̀ rù? Jókòó. Kí lo gbọ́ nínú nǹkan tó wà létí ẹ yẹn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bí ọmọdé ṣe ń fi eré kọ́ ọ̀rọ̀, ìdí tí kò fi yẹ ká máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀. Mo sọ ọ́ dé òpin. Alhaja ń wò mí.

Ó ní, "O gbọ́ gbogbo ìyẹn láàárín ariwo ẹ̀rọ? Ọmọ mi, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni kò bá ẹ mu. Ọjọ́bọ̀ ni kò bá ẹ mu! Ajé àti Ìṣẹ́gun ńkọ́, tí ẹ kàn máa ń jókòó síbí sọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀?"

Ẹ̀yin ará, ògo fún Ọlọ́run! Òótọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ méjèèjì yẹn, òde òpin ọ̀sẹ̀ ti parí, oníbàárà tuntun ò tíì dé. Èmi ń wo iná fún àmì, mi ò wo ọ̀sẹ̀ tèmi rí.

Ọjọ́ Ẹtì, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí ọ́fíìsì. Mo ní, "Ajé àti Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, nínú yàrá tí Alhaja ń kó bébà sí. Ọmọ mi á wà ní jẹ́lé-ó-sinmi."

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Ẹ fọwọ́ síbí, mà."

Mo gba bírò, mo fọwọ́ sí i.

Èsì àkọ́kọ́ ti jáde báyìí. Nínú ìdánwò márùn-ún, mo yege nínú mẹ́rin. Ẹ ṣeun, Bàbá! Ìkarùn-ún gbé mi ṣubú. Àìbalẹ̀ ọkàn yẹn tún fẹ́ dé. Ọkọ mi bi mí pé, "Ṣé o máa já a sílẹ̀ ni?" Ẹnu mi ṣáájú ẹ̀rù mi. Mo ní, "Rárá. Màá tún un ṣe."

Mi ò ní kí gbogbo èèyàn lọ ṣe ẹ̀kọ́ láti ilé o. Ìwọ tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n pè ọ́ kí o tó jókòó, sọ òótọ́ fún Ọlọ́run, kí o wá èyí tí wọ́n ti ń pe orúkọ ní kíláàsì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìwọ tí ọ̀sẹ̀ rẹ ò ní àlàfo rárá, dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìbẹ̀rù bá ọ fọwọ́ síwèé. Mú bírò, kọ ọjọ́ méjèèje sílẹ̀, kí o sì gbàdúrà lé wọn lórí níkọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tìẹ náà.

Ẹ bá mi jó, ẹ bá mi yọ̀! Mi ò tíì yege tán, mi ò sì sá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ̀yin ará. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí lónìí!