Omi Kì Í Wọ Ilé Yìí

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e. Òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.]

FOLÚKẸ́: Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú òjò o. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?

OYÈWỌLÉ: Ta nìyí?

FOLÚKẸ́: Folúkẹ́ ni, sà.

OYÈWỌLÉ: Folúkẹ́ wo?

FOLÚKẸ́: Folúkẹ́ ti ìsàlẹ̀, sà. Ẹ̀gbọ́n Oyèwọlé, ẹ mọ ohùn mi. A jọ ń kọrin nínú ìsìn Yorùbá—

OYÈWỌLÉ: Áà! Agbẹnusọ! Agbẹnusọ gbogbo ayálégbé! Ṣebí bó o ṣe yẹ kó o sọ ọ́ nìyẹn, kí èmi manager lè tètè dìde dúró.

FOLÚKẸ́: Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ṣé ilé lẹ wà?

OYÈWỌLÉ: Níbo ni kí n lọ nínú òjò? Mo wà lórí bákónì mi lókè, mò ń jẹ òkèlè sítáṣì. Ọbẹ̀ báńgà gbígbóná.

FOLÚKẸ́: Á gba ibi ire o, sà. Ṣé òjò náà pọ̀ nílé ní Ogunu bẹ́ẹ̀? Tibí ò ṣeé fẹnu sọ. Effurun ni mo wà, nínú kẹ̀kẹ́, mò ń bọ̀ nílé.

OYÈWỌLÉ: Ọ̀rọ̀ òjò lo torí ẹ̀ pè mí?

FOLÚKẸ́: Rárá, sà. Mo ní kí n kàn bẹ̀ yín, bóyá ẹ lè bẹjú wo ẹnu ọ̀nà mi láti orí bákónì. Hadassah ló pè—

OYÈWỌLÉ: Hello? Ṣé o gbọ́ mi? Network rẹ ò dáa.

FOLÚKẸ́: Mò ń gbọ́ yín, sà! Hadassah tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi ló pè mí. Ó ní omi ti wọ pálọ̀ mi.

OYÈWỌLÉ: Omi wo?

FOLÚKẸ́: Omi òjò, sà. Màmá mi nìkan ló wà nínú ilé.

OYÈWỌLÉ: Kí wọ́n jáde.

FOLÚKẸ́: Sà, ẹ mọ̀ pé màmá ò lè rìn. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, apá ọ̀tún ò gbé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbé. Ẹ̀yin lẹ bá mi gbé wọn wọlé lọ́jọ́ tá a dé láti hospital.

OYÈWỌLÉ: Mo gbé wọn. Ìyá náà wúwo. Ẹ̀yìn ń dùn mí di ọjọ́ kejì. Nínú àwọn tó o ń ṣe agbẹnusọ fún, èwo ló wá di ẹsẹ̀ kan mú?

FOLÚKẸ́: Kò sí, sà. Mi ò gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n, mo fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn irin yẹn láti ìta kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ yín.

OYÈWỌLÉ: Lọ́wọ́ tèmi? Mo rò pé ìwọ lo sọ ọ́ ní mítìn. "Manager no suppose hold tenant key. Make e return am." Gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́.

FOLÚKẸ́: Èmi ò gba tèmi, sà. Gbogbo wọn gba tiwọn, mo fi tèmi sílẹ̀.

OYÈWỌLÉ: Kí ló dé?

FOLÚKẸ́: Nítorí màmá. Àti pé... Yorùbá ni yín. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́.

OYÈWỌLÉ: [ó rẹ́rìn-ín] Ẹ̀gbọ́n.

[Òkúta ń lu irin lẹ́yìn ohùn rẹ̀.]

FOLÚKẸ́: Kí ló ń dún yẹn?

OYÈWỌLÉ: Hadassah rẹ ni. Ó gbé òkúta, ó ń fi lu ilẹ̀kùn. Kó máa lù ú. Irin gidi ni. Èmi ni mo dúró ti wẹ́dà nígbà tó ń jó o.

FOLÚKẸ́: Orí fóòmù ni màmá wà nílẹ̀, sà. Mo yọ bẹ́ẹ̀dì kúrò nígbà tí wọ́n já bọ́ lórí ẹ̀. Ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sùn.

OYÈWỌLÉ: Mò ń gbọ́ wọn láti òkè níbí. Wọ́n ń kọrin.

FOLÚKẸ́: Wọ́n ń kọrin?

OYÈWỌLÉ: Orin Ìlàjẹ yín yẹn, èyí tí ẹ máa ń kọ bí ẹ bá ń tukọ̀. Ìyá ò bẹ̀rù rárá. Ṣebí orí omi ni wọ́n ti bí yín? Kí ni omi fẹ́ fi ará Ìlàjẹ ṣe?

FOLÚKẸ́: Abẹ́ ilé ni omi ń gbà kọjá lọ́dọ̀ tiwa, sà. Kì í bá wa dé yàrá. Ìgbà tí ẹ̀rù bá ń ba màmá ni wọ́n máa ń kọrin.

[Ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ hó, ó sì kú.]

ỌLỌ́KẸ̀KẸ́: Madam, e don quench. Water don enter plug.

FOLÚKẸ́: Oga, abeg, try am again. Na my mama.

ỌLỌ́KẸ̀KẸ́: Try which one? You no see say road don turn river?

OYÈWỌLÉ: Ta ni ìyẹn?

FOLÚKẸ́: Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ni, sà. A ti há. Ẹ̀gbọ́n, àtẹ̀gùn kan péré ló wà láàárín ẹ̀yin àti màmá. Ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀.

OYÈWỌLÉ: Kí ló fà á tí omi fi wọ ilé rẹ?

FOLÚKẸ́: Sà?

OYÈWỌLÉ: Ṣé o gbọ́ mi? Ìbéèrè ni mo bi ọ́. Lọ́jọ́ mítìn, níwájú Chief láńlọ́ọ̀dù, o mọ ìdáhùn ẹ̀ dáadáa.

FOLÚKẸ́: Gọ́tà ẹ̀yìn ni, sà.

OYÈWỌLÉ: Kí ló ṣe gọ́tà?

FOLÚKẸ́: Ẹ jọ̀ọ́, sà.

OYÈWỌLÉ: "Na manager pour sand block gutter, so that those oil company people from Lagos go see where to park." Ohùn ta nìyẹn?

FOLÚKẸ́: Ohùn mi ni.

OYÈWỌLÉ: O wá na fóònù síta, o fi fídíò omi han Chief. Chief wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Manager, you dey manage my house or you dey damage am?" Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín.

FOLÚKẸ́: Mi ò rẹ́rìn-ín, sà.

OYÈWỌLÉ: Mo rí eyín rẹ! Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á máa pariwo "Manager Damage" lé mi lórí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Sunday school! Chief sì ti ń wá ẹlòmíràn tó máa gba iṣẹ́ yìí. Àwa méjì péré ni Yorùbá nínú ilé yìí nígbà náà, Folúkẹ́. Èmi ni mo fi yàrá yẹn hàn ọ́. Ṣé o ò lè wá bá mi nínú ilé ni, kó o kúnlẹ̀, kó o ní, "Ẹ̀gbọ́n, gọ́tà yìí ń yọ wá lẹ́nu"?

FOLÚKẸ́: Mo wá, sà. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ní ẹ ń sinmi. Ìgbà kejì, ẹ ní ẹ máa wá wò ó. Ìgbà kẹta, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ẹ ní kí n lọ bá òjò sọ̀rọ̀.

OYÈWỌLÉ: Ṣé ìwọ náà gbọ́ ara rẹ? Ìyá rẹ wà nínú omi, ìwọ ṣì ń fún mi lésì.

FOLÚKẸ́: Ẹ má bínú, sà. Ẹnu mi ni. Ẹ má bínú.

HADASSAH: [láti ìsàlẹ̀, ó ń pariwo] Oga Manager! Water don climb the foam! I don comot window glass, but the iron no gree me enter! Abeg, bring key!

OYÈWỌLÉ: O gbọ́ ọ bí? Ó ti gun orí fóòmù.

FOLÚKẸ́: Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ ṣáà sọ ọ́. Màá ṣe é.

OYÈWỌLÉ: Kúnlẹ̀.

FOLÚKẸ́: Títì ni mo wà, sà. Inú àgbàrá.

OYÈWỌLÉ: Hello? Ṣé o gbọ́ mi?

FOLÚKẸ́: Mo ti ń kúnlẹ̀, sà.

[Omi pariwo. Hóònù.]

OYÈWỌLÉ: Gbé fóònù fún ọlọ́kẹ̀kẹ́ yẹn.

ỌLỌ́KẸ̀KẸ́: Hello?

OYÈWỌLÉ: My brother, that madam don kneel down true true?

ỌLỌ́KẸ̀KẸ́: She kneel. Water reach her belle. Oga, wetin happen? Person die?

OYÈWỌLÉ: Nobody die. Give am phone.

ỌLỌ́KẸ̀KẸ́: Madam, take. Who be this kind man?

FOLÚKẸ́: Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, sà. Ẹ bá mi ṣí i.

OYÈWỌLÉ: Ó yẹ ọ́. Wò ó, mo fẹ́ fi ọ́ sí loudspeaker. Gbogbo wọn wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Fóònù mi kejì á máa gba ohùn rẹ sílẹ̀, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Chief. Sọ ọ́ ní Pidgin, bó o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́sí. Sọ pé ibòmíràn lo ti ya fídíò yẹn. Sọ pé omi kì í wọ ilé yìí.

FOLÚKẸ́: Inú omi náà ni wọ́n dúró sí, sà.

OYÈWỌLÉ: Àwọn gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ.

FOLÚKẸ́: Tí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹ máa ṣílẹ̀kùn?

OYÈWỌLÉ: Gbọ́. [Kọ́kọ́rọ́ ń dún.] Òun nìyí. Bó o bá ti sọ ọ́ tán, lójú ẹsẹ̀ ni màá fún wọn. Mo fi Ọlọ́run búra. Ó yá.

[Ohùn òjò pọ̀ sí i.]

FOLÚKẸ́: My people, na me, Folúkẹ́. That video wey I show Chief... no be for this compound I snap am. Manager no block any gutter.

OYÈWỌLÉ: Omi ńkọ́?

FOLÚKẸ́: Water no dey enter this house.

OYÈWỌLÉ: Wọn ò gbọ́ ọ.

FOLÚKẸ́: Water no dey enter this house!

HADASSAH: Folúkẹ́! Na you be that? I stand inside water, I hold your mama hand for window, and na wetin you dey talk be this?

FOLÚKẸ́: Hadassah, abeg, no vex, hold am—

OYÈWỌLÉ: Ó tó. Ohùn rẹ ti wọlé. Ó mọ́ ketekete. Hadassah! Oya, catch!

[Nǹkan kékeré kan já sínú omi.]

HADASSAH: Wetin you throw? Oga, wetin be that?

FOLÚKẸ́: Kí lẹ jù, sà?

OYÈWỌLÉ: Kọ́kọ́rọ́. Mo ní màá fún wọn lójú ẹsẹ̀. Mo ti fún wọn.

FOLÚKẸ́: Ẹ jù ú láti òkè? Sínú omi?

OYÈWỌLÉ: Omi wo, Folúkẹ́? Ìwọ náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Chief á gbọ́ ọ lálẹ́ yìí.

HADASSAH: I no see am! Na only mud my hand dey touch! I don leave Mama hand, I no see am!

FOLÚKẸ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ nawọ́ síbi tó já sí! Ẹ̀yin lẹ wà lókè, ẹ rí i! Ẹ sọ fún un!

OYÈWỌLÉ: Sítáṣì mi ti dì.

FOLÚKẸ́: Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ... ẹ dákẹ́ ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ẹ na fóònù síta fún mi. Mi ò gbọ́ orin màmá mọ́.

[Òjò. Ọwọ́ ń wá nǹkan nínú omi. Òjò.]

FOLÚKẸ́: Sà? Ṣé wọ́n ṣì ń kọrin?

[Àga wọ́ nílẹ̀.]

OYÈWỌLÉ: Hadassah! ... Hadassah, kí ló dé tó o dìde, tó o ń wo fèrèsé ìyá bẹ́ẹ̀? Wetin happen? Wá a! Ó wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn!

FOLÚKẸ́: Kí ló ṣẹlẹ̀, sà? Kí ni Hadassah sọ?

OYÈWỌLÉ: Folúkẹ́. Folúkẹ́, ṣé o gbọ́—

[Ìpè já.]