Ta Ni O Fún Lóògùn?

Ẹ ti ìlẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì jókòó. Bàbá Ọ̀gágun, ẹ bá mi pa tẹlifíṣàn. Tíńtín, fi àwọn báàgì yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀la ni bàálù yín máa gbéra, ohun tí mo fẹ́ sọ ò sì lè dúró títí ẹ ó fi ti ìsinmi dé. Ìwọ náà, àbúrò mi, kúrò lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, wá jókòó síbi tí màá ti máa rí ojú rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi ju ọmọ lọ. Mo lóyún Ọ̀gágun, mo bí i. Mo lóyún Tíńtín, mo bí i. Èyí, mo kàn ń gbé e kiri ni. Lónìí ni mo fẹ́ sọ òtítọ́ rẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé òun ló máa lé mi jáde nílé yìí, kó lé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Nígbà tí a ń di ẹrù àwọn ọmọ Tíńtín lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ìgò oògùn ikọ́ kan sókè, ó ní, "Màmá, wọ́n ní béèyàn bá fún ọmọ ní díẹ̀ nínú èyí kí bàálù tó gbéra, ṣe ló máa sùn títí wọ́n á fi dé. Kí lẹ rí sí i?" Kí n tó la ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí Àǹtí ṣáà má fọwọ́ kan ìgò náà o!" Ẹ̀fẹ̀ ni. A ti ń ṣe ẹ̀fẹ̀ yẹn nínú ilé yìí tipẹ́tipẹ́, débi pé kò sẹ́ni tó tún ń gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i tó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹni tó ti ń hewú ni o! Ọwọ́ tó kó sẹ́yìn yẹn ni mi ò lè fara dà mọ́.

Ìtàn tí gbogbo yín mọ̀ ni pé nígbà tí Tíńtín wà lọ́mọ ọdún méjì, tí a kọ́kọ́ lọ ìsinmi létí òkun, Àǹtí rẹ̀, àbúrò mi yìí, fún un lóògùn jù, ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jí mọ́. Èmi ni mo rán ìtàn yẹn. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, mo sì mọ bí a ṣe ń rán nǹkan tí ojú ìrán ò fi ní hàn.

Kí n tó bí Tíńtín, mo ti gbé Ọ̀gágun wọ bàálù rí, èmi nìkan. Ó ké láti ìgbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn títí wọ́n fi ṣí i. Ọkùnrin kan tó jókòó síwájú mi ń yíjú padà wò mí bí ẹni pé ṣe ni mo jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, èmi náà ń sunkún. Nítorí náà, nígbà tí ìsinmi yẹn ń bọ̀, àyà mi ti ń já ṣáájú. Oníbàárà mi kan tó gbé síkẹ́ẹ̀tì wá pé kí n bá òun tú ìdí rẹ̀ ló sọ fún mi pé, "Oògùn ikọ́ ni, Ìyá Ọ̀gágun. Rọ díẹ̀ sí i lẹ́nu, ó parí." Mo bi bàbá yín. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ, Bàbá Ọ̀gágun? Ẹ ní oògùn tí wọ́n ṣèèṣì fún àbúrò yín ní kékeré ló sọ ọ́ di adití, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fún ọmọ yín lóògùn láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá. Mo ní, "Mo ti gbọ́." Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò kàn gbà ni.

Nígbà tí a dé pápá bàálù, Ọ̀gágun ń wúkọ́, òun nìkan ni bàbá yín sì gbà kí a fún lóògùn. Tíńtín wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ó ń fa yẹtí rẹ̀. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, ó sì ra bàtà tuntun torí ìrìn àjò náà, bàtà tó há a lẹ́sẹ̀ tí kò gbà láti bọ́. Bàbá yín ti lọ tò síbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù. Mo na ìgò sí àbúrò mi, mo ní, "Gbà, bá mi fún un. Ìdérí kan." Ọ̀gágun ni mo ní lọ́kàn, ṣebí òun ló ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n mi ò pe Ọ̀gágun. "Un" ni mo wí, Tíńtín ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí imú rẹ̀ ń ṣàn. Ó kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ jókòó lápá kan. Nígbà tó padà dé tó dá ìgò náà padà fún mi, mo bi í pé, "Ṣé o ti fún un?" Ó ní, "Mo ti fún un, àǹtí mi." A ti gbọ́ ara wa yé, àbí? "Un" kò lójú, kò nímú. Ẹni tó wí i mọ ẹni tó ń wí, ẹni tó gbọ́ ọ mọ ẹni tí òun rò.

Bó bá mọ síbẹ̀ ni, àṣìṣe lásán ni ì bá jẹ́, a ò bá sì ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo gba Tíńtín lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti yọ ìgò náà. Ìdérí kún, ó ṣàn sí mi lọ́wọ́, mo sì ní kí ọmọ náà lá èyí tó ṣàn. Èmi tí mo máa ń wọn aṣọ oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e! Ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Màmá, tún fún mi."

Nínú bàálù, Ọ̀gágun ò jókòó. Ó ń wúkọ́, ó ń pàṣẹ fún awakọ̀ pé kó yà sápá òsì, ó sọ fún bàbá kan pé orí rẹ̀ ń dán. Ó yà mí lẹ́nu pé oògùn ò mú un. Tíńtín sì sùn. Obìnrin kan kí mi pé, "Ọmọ yín mà jẹ́jẹ́ o!" Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ẹ̀bùn níléèwé. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé, mo jí i, kò jí, orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi etí sí i nímú, èémí rẹ̀ jìnnà síra. Mo yíjú sí àbúrò mi, mo ní, "Ta ni o fún lóògùn?" Ó ní, "Tíńtín ni. Ṣé òun kọ́ lẹ ní kí n fún ni?" Ìdérí tirẹ̀ àti tèmi ti pàdé nínú ọmọ kan náà.

Wọ́n kéde pé àwọn nílò dókítà, ọ̀kan dìde láti ẹ̀yìn, bàbá àgbàlagbà. Wọ́n gbé afẹ́fẹ́ sí ọmọ nímú. Ó bi mí pé, "Kí lẹ fún un?" Bàbá yín ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Èmi ò fún un ní nǹkan kan. Ẹ bi àbúrò mi." Àbúrò mi ní, "Ìdérí kan ni, sà." Dókítà náà mi orí, ó ní ìdérí kan ò lè ṣe báyìí, ṣé ó dá a lójú? Ó ní, "Ó dá mi lójú, sà. Mo rò pé ó dá mi lójú." Mo gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe já. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi, mo sì dákẹ́. Ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ má bi mí, torí mo ti bi ara mi tó.

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wa lọ bí a ṣe balẹ̀, dókítà obìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìyá, bí oògùn náà bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí. Ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀." Mo la ẹnu láti sọ gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá yín ti wọlé. Mo ní, "Ìdérí méjì ni. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni, ẹ̀rù ló ń bà á." Méjì jẹ́ òótọ́, òun ló sì gba Tíńtín là. Ìyókù jẹ́ irọ́, òun ló gba èmi là. Ẹnu kan náà ni mo fi sọ méjèèjì.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Bàbá yín jáde sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pariwo pé, "Méjì! O sì wò wá lójú pé ọ̀kan ni! Má dé ilé mi mọ́." Àbúrò mi ò jà. Ó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ rí i tí mo rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì? Mi ò rántí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí i?" Èmi nìkan ló lè dá a lóhùn láyé yìí. Mo ní, "Ìdààmú máa ń mú èèyàn gbàgbé." Ó gbà mí gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, kí ló dé tí kò ní gbà mí gbọ́?

Kí Tíńtín tó la ojú tó sì béèrè omi, àbúrò mi ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sílé. Kò padà sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mọ́. Ó ní ọwọ́ tí ò rántí iye tí òun rọ, òun ò lè fi tọ́jú aláìsàn. Aṣọ ló ń lọ̀ níbi ìfọṣọ títí dòní. Nígbà tí inú bàbá yín rọ̀, tí àbúrò mi tún ń yà sọ́dọ̀ wa, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Bí a bá na ọmọ sí i, á ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ mi tutù." Gbogbo yín rò pé ìwà rẹ̀ ni. Wọ́n máa ń ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Tèmi yàtọ̀. Èmi ni ìyá tó ní kí ọmọ sùn tipátipá, èmi náà ni mi ò fojú ba oorun mọ́.

Bàbá Ọ̀gágun, mo tọrọ àforíjì. Ẹ bínú, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ lé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó bá mi jà. Tíńtín, Ọ̀gágun, ẹ dárí jì mí. Tíńtín, da oògùn yẹn nù. Bí àwọn ọmọ rẹ bá ké nínú bàálù, jẹ́ kí wọ́n ké. Ẹni tó bá ń yíjú padà wò ọ́, jẹ́ kó máa wò, wíwò ò pa èèyàn. Bí o bá sì máa rán ẹnikẹ́ni sí ọmọ, pe ọmọ náà lórúkọ. Má ṣe sọ pé "bá mi fún un".

Àbúrò mi, ìdérí kan ni o rọ. Ọ̀kan ṣoṣo, bí o ṣe sọ. Ọpọlọ rẹ pé, ọwọ́ rẹ ò ṣẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ. Má gbé mi dìde, jẹ́ kí n wà níbí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì padà fún èèyàn. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé ọmọ Tíńtín tó kéré jù ti jí, mo ń gbọ́ igbe rẹ̀ nínú yàrá. Tíńtín, lọ gbé e wá, kí o sì gbé e lé Àǹtí rẹ lọ́wọ́. Bó bá ní ọwọ́ òun tutù, sọ fún un pé irọ́ ni, pé èmi ni mo pa á.