Máòsì Oníbọ́tìnnì Méjìlá Tó Ń Dárò Òkú

Òtítọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ gbé mì láti ọdún méjì sẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn pa, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a sọ ọ́ síta báyìí, kí a má bo orúkọ òun, kí a má sì bá òun dín in kù. Ẹ má rò pé ó wà ní bèbè ikú o. Ara rẹ̀ le koko, ó sì ń jẹun dáadáa. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Ti Àbẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀ kí òtítọ́ tó gbá a mú.

Ọ̀sí ni Àbẹ̀kẹ́ ń gbé, níbẹ̀ ló sì ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jáde láyé láti Òkè-Ọ̀pin dé Èrùkù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ olóògbé máa ń gbà wá kí ó bá wọn ṣe ìwé ètò ìsìnkú. Àwòrán olóògbé á wà níwájú, orin àti Bíbélì kíkà á wà láàárín, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn. Àwọn ọlọ́fọ̀ kì í sì í dá wá. Ọmọ mẹ́fà, ìyàwó ọmọ méjì, àti àbúrò bàbá kan tí etí rẹ̀ wúwo, gbogbo wọn á rọ̀gbà yí tábìlì ká, wọn á máa sunkún, wọn á máa jiyàn lórí ọdún tí wọ́n bí bàbá. Láàárín èyí, ìgúnpá ẹnìkan á kọ́ wáyà máòsì tí Àbẹ̀kẹ́ fi ń darí kọ̀ǹpútà, máòsì á bọ́ sílẹ̀, á gbé ife tíì lọ́wọ́ lọ. Máòsì mẹ́rin ló bá bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan.

Nígbà tí ẹ̀karùn-ún fọ́, Àbẹ̀kẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, ó lọ bá Abdulhafeez, ọmọ Ìlọ́fà tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, èyí tí kò ní wáyà ni mo fẹ́. Wáyà ti sọ mí di onígbèsè." Abdulhafeez kó mẹ́ta jáde. Èkíní kéré, kò kún ọwọ́ rẹ̀ rárá. Èkejì ń tan iná pupa, ó ń tan iná àwọ̀ ewé, ó ń ṣẹ́jú. Àbẹ̀kẹ́ tì í padà, ó ní, "Èwo ni ti ijó? Ìwé òkú ni mò ń tẹ̀." Ẹ̀kẹta dúdú, ó gbórín, ó ní ibi tí ọwọ́ lè sùn lé, níbi tí àtàǹpàkò sì ń gbé, bọ́tìnnì kéékèèké méjìlá tò síbẹ̀ bí ọkà lára ṣùkù.

Abdulhafeez ní, "Àwọn tó ń gbá gẹ́ẹ̀mù ló ń ra èyí, àǹtí. Bọ́tìnnì kan fún ìbọn, òmíràn fún eré sísá, òmíràn fún fífò. Wọn kì í fọwọ́ kan kíbọọ̀dù."

"Ta ni mo fẹ́ yìnbọn fún?"

"Ẹ fara balẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ́ ọ ló máa ṣe. Ẹ kọ́ bọ́tìnnì kan kó kọ orúkọ yín, bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, orúkọ yín á jáde lódindi."

"Orúkọ nìkan?"

"Kódà kó jẹ́ ojú ìwé kan gbáko!"

Àbẹ̀kẹ́ gbé e wọ̀n lọ́wọ́, ó sún un síwá, ó sún un sẹ́yìn, ó di ojú, ó sì ń fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan títí ó fi mọ èyí tó wà lókè yàtọ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀. Ó béèrè bóyá bátìrì rẹ̀ ń pẹ́. Ó béèrè bóyá ohun kékeré tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, tó ń gbọ́ ohùn máòsì láti òkèèrè, kò ní tètè sọnù. Kò sí ẹni tó fara balẹ̀ yan ọkọ tó bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe fara balẹ̀ yan máòsì lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi délé, ó sì ní ìdùnnú náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà ń bọ̀.

Nǹkan ire ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn bọ́tìnnì náà. Ó fi orúkọ ìjọ sí ọ̀kan, ó fi "a ó jókòó" sí òmíràn. Nígbà tó yá ló wá kíyè sí i pé ohun kan náà ni gbogbo èèyàn ń sọ nípa òkú wọn. Kò sí bàbá tí kì í kóni mọ́ra. Kò sí ìyá tí kì í ṣe olùfẹ́ Ọlọ́run. Ó bá fi "kò bá ẹnikẹ́ni jà rí" sí bọ́tìnnì kẹrin, "kò sí ẹni tó wọ ilé rẹ̀ tí kò jẹun" sí ìkarùn-ún, "kí Ọlọ́run fi Alujánńà kẹ́ wọn" sí ìkẹfà nítorí àwọn Mùsùlùmí, "ọ̀kan pàtàkì nínú akọrin ìjọ" sí ìkeje. Báyìí ló ṣe títí méjìlá fi pé. Láti ìgbà náà, bí àwọn ọlọ́fọ̀ bá ń sọ̀rọ̀, á máa mi orí, á máa ṣe "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́", àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. "Ọ̀lẹ ni mo yà," ló wí, "mo sì ń pe ọ̀lẹ ní ìmọ̀."

Ọlọ́run kìlọ̀ fún un o. Nígbà tí bàbá Misturah kú ní Ìlọ́fà, àtàǹpàkò rẹ̀ yẹ̀ láti orí ìkẹfà bọ́ sórí ìkeje. Misturah ka ìwé náà, ó wo Àbẹ̀kẹ́ lójú. "Àǹtí, ìgbà wo ni Àlùfáà wa di akọrin ìjọ?" Àbẹ̀kẹ́ ní kọ̀ǹpútà ló ṣìṣe. Ní Èrùkù, wọ́n ka ti bàbá kan tó ti pe gbogbo ará àdúgbò lẹ́jọ́ tán pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, ni ẹ̀rín bá bú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wá sunkún ń gbá ara wọn mú. Ẹni tó ní etí ìbá ti gbọ́. Àbẹ̀kẹ́ kò gbọ́.

Bàbá Lazarus Májẹ́kódùnmí wá kú. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Adéṣọlá, ni ó ń fún Àbẹ̀kẹ́ lóúnjẹ nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ ń kọ́ṣẹ́, tí kò ní baba, tí kò ní ìyá nítòsí. Màmá náà dá nìkan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó láti òwúrọ̀ títí àwọn ọmọ fi jáde nílé ìwé. Kò mọ̀wé, nítorí náà ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí Àbẹ̀kẹ́ lè ráyè kọ ọ́. Ó sọ bí òjò ọdún kan ṣe bá àwọn lóko nígbà tí oyún Adéṣọlá pé oṣù mẹ́rin, bí odò ọ̀nà oko ṣe kún, àti bí ọkọ òun ṣe pọ̀n òun sẹ́yìn, tó ru agbọ̀n usu, ìyẹn iṣu, lé orí, tó sì gbé òun kọjá odò náà.

"Ṣé o ti kọ ibi odò un?"

"Mo ti kọ ọ́, màmá."

Kò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Òkú mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó sì ń kánjú. Ó ń sún máòsì kiri lórí tábìlì kí màmá lè rò pé ó ń kọ̀wé ni. Nígbà tí màmá jáde, ó tẹ ìkẹrin, ó tẹ ìkarùn-ún, ó tẹ ìkeje, ó sì tẹ ìwé náà jáde.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, òjò ṣú, katikíìsì ka ìlà méjì nínú ìtàn náà, wọ́n sáré gbé òkú lọ sí itẹ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, màmá kò gbọ́ ibi odò. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó mú ìwé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi aṣọ wé e. "Ọmọ mi, ka ibi odò un fún mi." Kí ni Àbẹ̀kẹ́ yóò ṣe? Ó fi ìka sábẹ́ "kò sí ẹni tó wọ ilé rẹ̀ tí kò jẹun", ó ń fà á lọ, ó sì ń fi ẹnu sọ ìtàn odò. Màmá dúpẹ́, ó fún un ní àgbàdo sísun. Láti ìgbà náà, kò sí oṣù tí kì í wá. Ọdún méjì ni Àbẹ̀kẹ́ fi ń ka ohun tí kò sí nínú ìwé fún ìyá tó bọ́ ọ, tó sì ń gba àgbàdo lé e. "Bí n bá jẹ àgbàdo náà tán," ló wí, "n kì í lè wo ìwé yẹn lójú."

Lọ́dún yìí, bí ìrántí ọdún kejì Bàbá Lazarus ṣe ku ọjọ́ mẹ́ta, màmá wọlé wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní Adéṣọlá ń bọ̀ láti Ìlọrin, òun ló sì máa ka ìtàn bàbá rẹ̀ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo rẹ̀, láìfo ìlà kankan. "Mo sọ fún un lórí fóònù pé kó má fo ibi odò. Ó ní òun ò rántí odò kankan níbẹ̀. Mo ní ìwọ ni o ò kà á ire."

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ ṣe? Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó tẹ ìwé mìíràn, àwòrán kan náà, orin kan náà, ṣùgbọ́n èyí ní ibi odò. Ó ká a, ó fi tíì ra á lára kó lè gbó, ó sá a sóòrùn. Ó fẹ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọ̀lẹ ló ṣe ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó jókòó rò ó ni. Ó fi ìwé ayédèrú náà sínú báàgì, ó gba ilé màmá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ó ní òun fẹ́ wo ìwé náà bóyá kòkòrò ti ń jẹ ẹ́.

Màmá kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó wọ yàrá, ó mú ìwé náà jáde nínú àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó ní, "Gbà, ọmọ mi. Mo ti sọ fún Adéṣọlá pé èmi éè fọ́jú, pé ìwọ lojú mi."

Àbẹ̀kẹ́ gba ìwé náà, orúnkún rẹ̀ sì kanlẹ̀. Ó kó ìwé méjèèjì sílẹ̀ níwájú ìyá náà.

"Màmá, ibi odò kò sí nínú èyí. Kò sí níbẹ̀ rí. Èyí tó wà nínú rẹ̀, àná ni mo tẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ fi tàn yín jẹ."

"Kí lo wá ń kà fún mi látọjọ́ yìí?"

"Ohun tí ẹ sọ fún mi ni. Inú orí mi ni mo ti ń kà á."

"Mo jókòó sọ́dọ̀ rẹ láti òwúrọ̀, pẹ̀lú ọ̀fọ̀ lọ́rùn mi, o ò gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, màmá. N ò kọ ọ́ ni. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

Àbẹ̀kẹ́ sunkún, màmá kò sì bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ó jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ka ohun tó wà níbẹ̀ gan-an fún mi."

"'Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí.'"

"Ta ni? Lazarus?"

"'Ọ̀kan pàtàkì nínú akọrin ìjọ.'"

"Ẹni tí wọ́n ní kó máa mi ẹnu lásán!" Màmá fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Àbẹ̀kẹ́ rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fa Àbẹ̀kẹ́ dìde, ó ní kó jókòó ti òun.

"Mo bínú sí ẹ, màá sì tún bínú lọ́la. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí èmi náà jẹ́wọ́ tèmi. Éè ṣe Lazarus ló pọ̀n mí. Ẹ̀rù omi ń bà á bí ológbò. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, tòun ti agbọ̀n usu, ó ń ka Sáàmù sí mi létí. Ó mú mi búra pé n ò ní sọ. Bí o bá ti ń kà á fún mi pé ó pọ̀n mí, inú mi ń dùn fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí." Ó ti bírò sí Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. "Kọ èyí. Bó bá fẹ́ jà, kó dìde."

Lọ́jọ́ Àìkú, kí Adéṣọlá tó kàwé, Àbẹ̀kẹ́ bọ́ síwájú ìjọ. Ó ka orúkọ gbogbo ilé tó fi bọ́tìnnì dárò òkú wọn, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kóun tún un kọ, kó wá sọ̀rọ̀, òun ó gbọ́, òun ó sì kọ ọ́. Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́, ó ní, "Ẹ ra máòsì tó bá wù yín, ẹ má jẹ́ kó máa bá yín gbọ́ ẹkún èèyàn." Àwọn kan kùn. Obìnrin kan láti Òkè-Ọ̀pin dìde, ó ní òun á wá lọ́jọ́ Ajé, nítorí ìyá òun kò fẹ́ràn orin rí, epo ṣíṣe ló fẹ́ràn.

Adéṣọlá wá gba ìwé tuntun náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti pọn bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún un kà. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, katikíìsì di orí pẹpẹ mú. Adéṣọlá nu ojú, ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Odò náà kún bámúbámú, ó dé ọrùn wọn…"

"Àbẹ̀kẹ́!" Màmá ti dìde lórí bẹ́ǹṣì iwájú. "Mo ní kó o kọ òtítọ́! Omi ọ̀ún éè kọjá orúnkún!"