Fíláàṣì Tó Ń Yí Ọrùn

Òjò fẹ́ẹ́rẹ́ kan ń rọ̀ láti ìdájí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ni mo bá sá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà ní Ìjokù. Tọkọtaya kan tó ń ya fọ́tò jẹun ń yan fíláàṣì, iná tí wọn yóò máa fi sórí kámẹ́rà wọn.

"Kékeré yìí ti tó wa," ọkọ wí. "Ó mọ́lẹ̀ rekete."

"Bàbá Ìbejì, ṣé irú ẹ̀ kọ́ lẹ fi ya ìyá mi? Ó tàn sí wọn lójú, gbogbo ilà ojú wọn pa rẹ́. Màmá ní ta lẹ yà yìí!"

Ọkọ rẹ́rìn-ín. "Ṣebí mo sọ wọ́n dọmọge ni."

"Ta ló bẹ̀ yín? Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń yí ọrùn. A ó kọjú ẹ̀ sókè àjà, ìmọ́lẹ̀ á wá rọra bọ́ sí wọn lára. Màmá ti dàgbà. Mo fẹ́ káwọn ìbejì mọ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe rí."

Ọkọ dá kékeré náà padà. "Ó dáa, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́rùn yíyí la ó mú."

Bí wọ́n ṣe rí. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, torí àtíkè ni mo fi ń bo ilà tèmi kí n tó ya fọ́tò látọjọ́ yìí.

Lọ́jọ́ kejì, mo bọ́jú, n kò kun nǹkan kan, mo lọ ya fọ́tò.