Nọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Wa

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè ru garawa omi gun òkè láì mí hẹlẹ... Ẹ rọra, mo ń bọ̀. Sùkúrà, sún fóònù tó o fi ń ká ohùn mi yẹn sẹ́yìn díẹ̀, ṣé o fẹ́ tì í bọ̀ mí lẹ́nu ni? Ẹ jókòó dáadáa, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí Sùkúrà sọ láàárọ̀ ló ń dùn mí. Ìjọba ní kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní abúlé kan lókè Àkókó lọ́hùn-ún, ó ní òun ò lọ. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ kì í wá sí ọsibítù, pé ará oko ni wọ́n. Ará oko! Èmi tí mo bí bàbá rẹ, ibo lo rò pé mo ti wá?

Ẹ gbọ́. Abúlé wa wà lẹ́yìn Ìkun, ní Àkókó kan náà. Kò sí títì níbẹ̀ nígbà náà, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Ràbíátù, obìnrin gíga, aláwàdà, tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí mi tóbi ju ti bàbá wa lọ. Ó bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n gbé e sórí pákó, ó di ọsibítù ní Ọ̀kà. Àwọn ọkùnrin ń sáré, wọ́n ń gba pákó lórí ara wọn. Wọn ò tíì dé Ọ̀kà tó fi dákẹ́. Ọmọ náà kò pẹ́ tó fi tẹ̀ lé e. Ẹ má wojú mi, mo ṣì ń sunkún rẹ̀.

Torí náà, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí a gbọ́ pé bí a bá kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fúnra wa, wọ́n á fún wa ní nọ́ọ̀sì... háà! Àwa obìnrin la pọn omi tí wọ́n fi po búlọ́ọ̀kù. Àwọn ọkùnrin ru òkúta. Mùsùlùmí o, Kìrìsìtẹ́nì o, ta ló jókòó sílé? Lónìí, bí ẹ̀rọ omi kan bá bàjẹ́ ládùúgbò, ẹ ó máa wo ojú káńsẹ́lọ̀ títí ìkòkò omi á fi gbẹ. Ẹ má bínú, òótọ́ ni mo sọ.

Nọ́ọ̀sì dé lóòótọ́. Ọmọbìnrin pupa kan, ará Ìjẹ̀bú, Àǹtí Nọ́ọ̀sì là ń pè é. A fẹ́ràn rẹ̀ o. Ẹni tó bá ti oko dé á já iṣu sílẹ̀ fún un. Ọmọ tó bá ní ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀, a gbé e lọ. Ibà, a lọ. Ṣùgbọ́n ìbímọ? Rárá o. Aboyún á kí i ní "ẹ kú iṣẹ́", á fún un ní ẹ̀fọ́, á kọjá lọ, á sì lọ bímọ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.

Ó rò pé torí èdè ni. Ẹ mọ̀ pé àwa ní èdè tiwa nílé, Yorùbá tí a ń bá a sọ, Yorùbá ọjà ni. Ó bá kọ́ èdè wa. Yóò kí wa láàárọ̀, ahọ́n rẹ̀ á máa kọsẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. A tún lọ bímọ sílé.

Kí ló dé? Kòtò ni o. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé yẹn, bíríkìlà láti Ìkàrẹ́ gbẹ́ kòtò kan sẹ́yìnkùlé, ó fi kọnkéré bò ó. Wọ́n bi í pé kí ni ti ìyẹn. Ó ní olóbi ni nọ́ọ̀sì á máa dà sí i, ibi ọmọ, èyí tó ń tẹ̀ lé ọmọ jáde. Yéè! Ti ẹnì kan á wà lórí ti ẹnì kejì, nínú kòtò ìjọba! Lọ́dọ̀ wa, ilé bàbá ọmọ ni wọ́n ń sin olóbi sí. Inú ìkòkò tuntun ni, bàbá ọmọ ló ń gbẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sin ín síbòmíràn, ẹsẹ̀ ọmọ náà kò ní gbélé láéláé.

Ṣé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì? Ẹnu ta ni! Ọ̀rọ̀ olóbi kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń bá àlejò sọ. Ẹni tó ń jẹ iṣu rẹ, wàá wá máa bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀? A rò pé ó kúkú mọ̀. Òun náà rò pé a kórìíra òun. Bá a ṣe ń wo ara wa nìyẹn.

Ọ̀gá kan wá láti Ìkàrẹ́ nínú Lándróófà. Ó wo ilé, ó wo bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì mọ́ tónítóní, kò sẹ́ni tó sùn sí i rí. Ó ní, "Àwọn ìlú tó ń sunkún nọ́ọ̀sì pọ̀ ní Àkókó yìí. Bí oṣù bá parí, a ó gbé e lọ." Àwọn baba dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn aboyún ni kí wọ́n lọ bẹ̀, kì í ṣe òun.

Oyún bàbá yín wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn, ó ti wọ oṣù rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jọ̀ọ́. Ràbíátù ni mo ń rí lórí pákó. Mo dìde lọ́sàn-án gangan, mo lọ bá Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ó ti ń di ẹrù rẹ̀. Mo tijú, tijú, mo wolẹ̀, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá bímọ síbí, ṣé inú kòtò yẹn lẹ máa da olóbi mi sí?"

Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó ní, "Ṣé torí ìyẹn ni? Torí ìyẹn nìkan?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún. Ó ní, "Ìyá tèmi náà sin tèmi sílé o! Kí ló dé tẹ́ ò sọ?" Mo ní, "Àlejò lẹ jẹ́." Ó ní, "Àlejò wo? Iṣu yín ni mo ń jẹ yó bámúbámú!"

Ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ìyá yẹn le o, kì í rẹ́rìn-ín sí èèyàn lásán. Àǹtí kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ìkòkò yín ni kẹ́ ẹ gbé wá. Ọwọ́ yín ni mo máa gbé olóbi lé." Ìyá wò ó títí. Ó ní, "Ṣé wàá jẹ́ kí n wà níbẹ̀?" Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn gan-an, Màmá." Ìyá ní, "Kò burú. Bí o bá tàn mí, Ọlọ́run ń wò ọ́."

Nígbà tí ìrọbí mú mi, mo lọ. Ìyá gbá ìkòkò tuntun mọ́yà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọmọ jáde, ó ké, alhamdulillahi. Ni ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Kò dá o! Bí ti Ràbíátù gẹ́lẹ́. Ojú mi ń ṣú. Mo gbọ́ tí Àǹtí ń sọ pé, "Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, Màmá!" Ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó ń fi ọwọ́ tẹ ikùn mi, òógùn ń kán lójú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, obìnrin líle yẹn, ń sunkún bí ọmọdé, ó ní, "Má lọ o, má fi mí sílẹ̀ o." Kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ rọra dá.

Ìgbà tí ara balẹ̀, ìyá gbé ọmọ, ó fẹ́ máa sáré lọ sílé lọ ròyìn. Àǹtí ló ké sí i, "Màmá! Ẹ gbàgbé ìkòkò yín!"

Ìyá fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ kiri abúlé. Àwọn aboyún bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tìkòkò-tìkòkò. Nígbà tí ọ̀gá yẹn padà wá gbé e, ìkòkò ló bá lórí ilẹ̀ fàráńdà, ló bá bi í pé ṣé oúnjẹ ló ń tà ni. Wọn ò gbé e lọ mọ́. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ wo ilé yẹn lónìí. Wọ́n kùn ún nígbà ìbò, kò sí oògùn nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Ìkàrẹ́ ló ń gbé, ọ̀kadà á gbé e dé, kó tó mú omi, ó ti ń wo aago. Mi ò bá a wí, ta ló kọ́ ilé fún un? Ta ló já iṣu fún un? Ayé ti yí, ìjọba kò ṣe tirẹ̀, àwa náà kò ṣe tiwa mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ, Sùkúrà. Kó o tó pe ẹnikẹ́ni ní ará oko, bi wọ́n léèrè. Má bi àwọn aboyún, ìtìjú ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ; èmi gan-an, ẹ̀rù ikú ló là mí lẹ́nu. Àwọn ìyá ọkọ wọn ni kó o lọ kúnlẹ̀ fún. Ohun kan wà tí wọ́n ń bẹ̀rù, wọ́n sì rò pé o mọ̀ ọ́n.

Dìde, lọ di ẹrù rẹ, ọmọ mi. Bí a ṣe jókòó yìí, oyún obìnrin kan níbẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀.